Ta ló yẹ kí ó bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgboyè-jáde?

Ìyá Tòlání (Maryland)

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ gbé e mì. Nígbà tí ọmọbìnrin mi gboyè jáde ní yunifásítì kan níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, olóṣèlú kan tí ó ń múra ìdìbò ni ilé-ẹ̀kọ́ pè láti wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ ìdìbò náà ni ó sọ. Ó to àṣìṣe àwọn alátakò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ka àwọn òfin tí òun yóò wọ́gi lé, ó sì padà lọ jókòó láì kí àwọn ọmọ náà kú oríire. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú oòrùn pẹ̀lú aṣọ òfì àti gèlè tí ó ti wé láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí òun ni ó bá mi tọ́ ọmọ náà nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ òru. Ó rọra bi mí pé kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ nípa àwọn ọmọ wa. N kò rí èsì kankan fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ni mo ń bá jà. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí mo máa ń dìbò fún ni ó ti wá, yóò dùn mí bákan náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìròyìn irú ọ̀rọ̀ báyìí, mo sì rí i pé kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ní Benedictine College, ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan ní ìlú Atchison, ìpínlẹ̀ Kansas. Harrison Butker, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs, ni wọ́n pè. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu Ààrẹ Biden, ó sì yíjú sí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gboyè, ó ní wọ́n ti pa irọ́ burúkú fún wọn, àti pé ohun tí òun gbà gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò máa yọ̀ sí ìgbéyàwó àti ọmọ tí wọn yóò bí ju ipò lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sísítà Benedict ti Mount St. Scholastica, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tiwọn wà lára ohun tí wọ́n pa pọ̀ di Benedictine College ní ọdún 1971, kọ̀wé síta pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ní lọ́kàn, àti pé àwọn kò gbà pé iṣẹ́ ilé ni ìpè tí ó ga jù lọ fún obìnrin. Ẹ wo àwọn obìnrin tí wọn kò bímọ tí wọn kò sì lọ́kọ, tí wọ́n fi ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Àwọn gan-an ni ó ní láti gba ẹnu àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka iwájú àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí wọn kò lè dìde kúrò níbẹ̀?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ìyá Tòlání, ẹ kú oríire ọmọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó fi ìwé náà jẹun pẹ́. Ohun tí ojú yín rí dùn mí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a torí olóṣèlú kan sọ pé kí òṣèlú má ṣe dé orí pèpéle mọ́. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó tún ayé ṣe, ọjọ́ ìgboyè-jáde ni wọ́n sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1947, George Marshall, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, gba oyè ìdánilọ́lá ní Harvard ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú nípa ebi àti ìparun tí ogun fi sílẹ̀ ní Yúróòpù, inú ọ̀rọ̀ yẹn sì ni ètò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti jáde, tí Amẹ́ríkà fi ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là láti gbé Yúróòpù dìde. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde American University ní Washington, ó sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà pẹ̀lú ìjọba Soviet, ó sì kéde pé Amẹ́ríkà kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú afẹ́fẹ́ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù kò bá ti ṣe é. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀ ní Moscow.

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti Ààrẹ Johnson ní Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1965. Ó sọ fún wọn pé ènìyàn kò lè tú ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè fún ọdún gbọọrọ sílẹ̀, kí ó mú un dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré ìje, kí ó ní kí ó máa bá àwọn yòókù sá a, kí ó sì gbà pé òun ti ṣe ẹ̀tọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni ó fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ta ni yóò sọ pé òṣèlú kọ́ nìyẹn? Síbẹ̀, kò sí ọmọ kan tí ó jókòó ní Howard lọ́jọ́ náà tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò kàn. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìyàtọ̀ wà.

Adéníkẹ̀ẹ́ (Orlando)

Mo kí ẹ̀yin àgbà o. Bàbá Ìbejì sà, mo gba ọ̀rọ̀ yín nípa Howard, àpẹẹrẹ tí mo sì fẹ́ mú wá wá láti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Florida tí mo ń gbé.

Mary McLeod Bethune, tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Daytona Beach ní ọdún 1904 pẹ̀lú ọmọbìnrin márùn-ún àti dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó di Bethune-Cookman University. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Betsy DeVos, akọ̀wé ìjọba Trump fún ètò ẹ̀kọ́, ni wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde níbẹ̀. Obìnrin yìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún náà pé àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú ni aṣáájú nínú ètò tí ń jẹ́ kí ènìyàn yan ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wù ú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn wọn mọ̀ pé kò sí yíyàn kankan níbẹ̀: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó ní ìhà gúúsù ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ni wọ́n ṣe kọ́ tiwọn. Ó padà tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n ó ti bọ́.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti fọwọ́ sí ìwé pé kí ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe pè é. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí DeVos dìde, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde nínú aṣọ ìgboyè wọn, wọ́n sì kẹ̀yìn sí pèpéle. Gíwá wọn gba máíkì, ó ní bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé-ẹ̀rí wọn yóò máa bá wọn nílé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gboyè nínú ìdílé wọn. Ìyá-ìyá wọn wà lórí àga, bí ìyá Ìyá Tòlání ṣe wà. Ọ̀gá wọn wá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì, yálà kí wọ́n pa ẹnu mọ́ tàbí kí ìdílé wọn má ṣe gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ wọn. Ní tèmi, bí àlejò bá dé tí ó sọ ohun tí kò tọ́ nípa bí a ṣe bí ilé náà, tí a sì ti bẹ̀bẹ̀ ṣáájú tí wọn kò dá wa lóhùn, kí ni ó kù tí ènìyàn lè ṣe ju kí ó kẹ̀yìn sí i lọ?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Adéníkẹ̀ẹ́, o ṣeun, ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ, n kò sì dá àwọn tí wọ́n kẹ̀yìn sí i lẹ́bi. Kíkẹ̀yìn sí ènìyàn kò dí i lẹ́nu. Ariwo ni mo ń bẹ̀rù.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìráàkì, Rockford College ní ìpínlẹ̀ Illinois pe Chris Hedges, oníròyìn *New York Times* tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ròyìn láti ojú ogun. Ó sọ̀rọ̀ lòdì sí ogun náà. Àwọn ènìyàn hó lé e lórí, wọ́n yọ wáyà máíkì rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì mú un kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pín ìwé-ẹ̀rí. Bí a bá wo ohun tí ogun yẹn dà lónìí, àwọn tí wọ́n pariwo lọ́jọ́ náà ni ó pàdánù ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ogun ni ó hó ní Rockford, ẹgbẹ́ kejì ni ó hó ní Daytona Beach. Bí a bá sọ ọ́ di àṣà, kò sí ẹni tí yóò lè sọ òtítọ́ tí ó korò lórí pèpéle kankan mọ́.

Ìyá Tòlání (Maryland)

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ọjọ́ ìgboyè ni ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ? Hedges ìbá sọ ọ̀rọ̀ kan náà nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá, kí ẹni tí kò fẹ́ jókòó sílé, kí wọ́n sì lè bi í ní ìbéèrè. Lọ́jọ́ ìgboyè, kò sí ìbéèrè, kò sì sí èsì. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jókòó níbẹ̀ lè ní ọmọ tàbí àbúrò lójú ogun lọ́sẹ̀ náà. N kò sọ pé irọ́ ni ó pa.

Olùkọ́ (Pennsylvania)

Mo kí gbogbo yín. Mo ti bá irú ìgbìmọ̀ tí ń yan àlejò náà jókòó rí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kò jọ ara wọn láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, àmọ́ ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kan yóò to orúkọ jọ, àwọn olùkọ́ yóò wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì fi akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sí i. Ìwé náà yóò lọ sọ́dọ̀ gíwá àti ìgbìmọ̀ alábòójútó, níbi tí àwọn tí ń ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ owó ńlá ti ní ìjókòó. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yí padà. Orúkọ tí àwọn ọmọ fi sókè lè ṣubú láì sí àlàyé, kí orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mú wá yọ lójijì ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá máa gbọ́, ó ti pẹ́ jù láti sọ̀rọ̀ tí yóò yí nǹkan padà, ohun tí ó kù ni ìwé ìfẹ̀hónúhàn àti ariwo. Tí ẹ bá wo púpọ̀ nínú ìjà wọ̀nyí dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àlejò ni ó kọ́kọ́ bí àwọn ọmọ nínú. Wọ́n ti ń bínú sí àwọn tí wọ́n pè é láì bi wọ́n.

Ẹ wo Rutgers ní New Jersey. Títí di ọdún 2011, kì í sanwó fún ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgboyè; ọdún náà ni ó san 30,000 dọ́là fún Toni Morrison. Ní ọdún 2014, ó ṣètò 35,000 dọ́là àti oyè ìdánilọ́lá fún Condoleezza Rice, tí ó jẹ́ agbaninímọ̀ràn àti akọ̀wé ìjọba lábẹ́ Bush. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tako ó nítorí ogun Ìráàkì, àwọn ọmọ lọ jókòó sí iwájú ọ́fíìsì gíwá, Rice sì yọwọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, ó ní ọjọ́ ayọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ìdílé wọn. Nígbà tí Ààrẹ Obama wá sọ̀rọ̀ ní Rutgers kan náà ní ọdún 2016, ó sọ fún àwọn ọmọ pé òun kò fara mọ́ ohun púpọ̀ tí Rice àti ìjọba Bush ṣe, ṣùgbọ́n pé kò tọ̀nà bí wọ́n ṣe fẹ́ dí i lọ́wọ́ láti wá. N kò bá Obama jiyàn lórí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí èrò rẹ̀ kò bá tiwa mu. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé oyè ìdánilọ́lá kọjá gbígbọ́ ọ̀rọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ń dá ẹni náà lọ́lá ní orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó, ẹni tí wọ́n sì lo orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 2014 kan náà, ní Haverford, nítòsí Philadelphia, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ díẹ̀ kọ̀wé sí Robert Birgeneau, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ní yunifásítì Berkeley ní California, nítorí bí àwọn ọlọ́pàá ṣe fi kùmọ̀ lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fẹ̀hónú hàn níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Wọ́n ka ohun mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe kí ó tó wá. Kò wá. William Bowen, tí ó ti ṣe gíwá Princeton, ni ó sọ̀rọ̀, ó sì fi apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá àwọn ọmọ wí níwájú àwọn òbí wọn. Ó ní ìwé náà le jù, ìgbéraga sì wà nínú ìwà àwọn kan tí wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ó fi kún un pé Birgeneau náà ìbá ti wá. Mo mọrírì Bowen, ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni ó yẹ kí a bá àgbà kan lórí pèpéle tí ó ń bá díẹ̀ nínú àwọn ọlọ́jọ́ wí, tí àwọn yòókù sì ń gbọ́ ẹjọ́ tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ará Bódìjà (Ìbàdàn)

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ilé, mo sì rí i pé ohun tí Ìyá Tòlání ń fẹ́, a ti ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní ìṣòro tiwa. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ ìgboyè ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì tirẹ̀, tí ó dá dúró lọ́jọ́ ọ̀tọ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí wọ́n pè ti lè sọ ohun tí ó wù ú nípa ìjọba, owó epo tàbí ìdìbò, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ yóò lọ. Ọjọ́ ìpín-oyè jẹ́ ti àwọn ọmọ àti ìdílé wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé òṣèlú kì í dé ọjọ́ ìpín-oyè wa. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni Àbẹ̀wò (ẹni tí wọ́n ń pè ní Visitor) fún àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, gómìnà ni ti ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ní àyè nínú ètò ọjọ́ náà, yálà wọ́n wá fúnra wọn tàbí wọ́n rán aṣojú. Oyè ìdánilọ́lá fún àwọn olóṣèlú tí wọ́n ṣì wà lórí àga pọ̀ débi pé ní ọdún 2012, àwọn gíwá yunifásítì Nàìjíríà pàdé ní Keffi, wọ́n ṣe ìkéde pé àwọn kò ní fi oyè bẹ́ẹ̀ dá ẹni tí ó ṣì wà lórí ipò ìjọba lọ́lá mọ́. Ìkéde tí ó dára ni. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kò tẹ̀lé e, ó sì bà mí nínú jẹ́, nítorí orí àwọn ọmọ tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ọlá náà ti ń jáde.

Bí a bá pe àgbà kan sí ìkómọ pé kí ó wúre fún ọmọ tuntun, tí ó wá fi ẹnu ìwúre ro ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí, kò sí ẹni tí yóò sọ pé irọ́ ni ẹjọ́ náà. Ìyá ọmọ ni yóò mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun.

Mọ́gàjí (Peckham)

Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, ẹni tí wọ́n bá fi oyè dá lọ́lá ni ó sábà máa ń dìde dúpẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ètò yóò sì máa lọ. Ìjà kì í pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a rántí pé ọ̀rọ̀ lè já àwọn ọmọ kulẹ̀ láì ní òṣèlú nínú rárá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ohio State University pe oníṣòwò kan tí ó ń jẹ́ Chris Pan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nínú pápá-ìṣeré nípa bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n hó lé e lórí. Ọmọ tí ó ṣì jẹ gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́, tí kò tíì ríṣẹ́, ni ó ń sọ fún pé kí ó lọ fi owó sínú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí Ìyá Tòlání ṣe sọ nípa olóṣèlú tiwọn, òun náà kò wo ojú àwọn tí wọ́n wà níwájú rẹ̀.

Adéníkẹ̀ẹ́ (Orlando)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn àlejò. Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn ńkọ́? Lójú mi, ibẹ̀ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi hàn pé kì í ṣe òṣèlú gan-an ni wọ́n kórìíra.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, University of Southern California ní Los Angeles kéde pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí àwọn fúnra wọn ti yàn pé ó ta yọ jù lọ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Mùsùlùmí ni, àwọn kan sì ti fẹ̀sùn kàn án nítorí ohun tí ó fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Palẹsítínì. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Jon M. Chu, adarí fíìmù tí wọ́n ti pè, má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n fagi lé àpapọ̀ ayẹyẹ tí wọ́n ń retí ènìyàn 65,000 sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2020 tí kòrónà gba ayẹyẹ ti ìgbà yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2025, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní New York University fi àyè tí wọ́n fún un sọ̀rọ̀ lòdì sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Gásà. Ilé-ẹ̀kọ́ dá ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dúró.

Bí ó bá jẹ́ àlejò ni ó sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú, wọ́n á ní kí a bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó ni ọjọ́ náà, wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ mọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà pẹ̀lú ohùn tó le.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ọmọ mi, lórí èyí, mo dúró tì ọ́ pátápátá. Ní ọdún 1969, ní Wellesley College, wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgboyè fún ìgbà àkọ́kọ́. Sẹ́nétọ̀ Edward Brooke, aláwọ̀ dúdú ará Massachusetts tí ipò rẹ̀ ga gidi nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ̀ lé e, Hillary Rodham, tí a wá mọ̀ sí Hillary Clinton, fi ìwé tí ó ti kọ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá sẹ́nétọ̀ náà lóhùn. Inú àwọn òbí kan kò dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ parí, wọ́n sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Èsì ni mo fẹ́ràn ju ariwo lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá sì fàyè gba èsì kò lè bínú bí ariwo bá dé.

Ìyá Tòlání (Maryland)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì àti Adéníkẹ̀ẹ́ ti jẹ́ kí n rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Mo lọ tún wo ti Morehouse ní Atlanta, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Ààrẹ Biden lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lásìkò ogun Gásà àti lọ́dún ìdìbò. Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ náà bàjẹ́ gan-an. Àwọn aṣojú ìjọba ti lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣáájú. Gíwá Morehouse ti sọ pé bí ó bá di pé kí ọlọ́pàá wá fi okùn de ọwọ́ àwọn ọmọ kó wọn lọ, òun yóò kúkú parí ayẹyẹ náà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ta yọ jù lọ sọ̀rọ̀ kí Biden tó sọ̀rọ̀, ó ní kí ogun náà dúró ní Gásà, Ààrẹ wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́, ó pàtẹ́wọ́, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ díẹ̀ kẹ̀yìn sí Biden. Kò sí ẹni tí ó lé wọn, wọ́n sì pe orúkọ gbogbo wọn.

Nítorí náà, n kò ní sọ mọ́ pé kí olóṣèlú má ṣe wá. Bí ó bá fẹ́ wá, kí àwọn ọmọ mọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó parí yíyàn, kí ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ láì sí ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò láti yọ ohun tí kò dùn mọ́ wọn, kí ilé-ẹ̀kọ́ má sì fi oyè dá ẹni tí ń díje lọ́wọ́ lọ́lá. Àbúrò Tòlání ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, mo sì fẹ́ kọ ìwé sí wọn. Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n kọ ọ́ sí, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí ó dé ọwọ́ wọn?

Olùkọ́ (Pennsylvania)

Mà, ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ alábòójútó, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì gíwá àti sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò rí i. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn tí ń yan àlejò síta, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú wọn. Bí àwọn òbí bíi mélòó kan bá fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, wọn yóò kà á dáadáa. Kí ó dé ọwọ́ wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, nítorí ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ fún ọdún tí ń bọ̀.